Ìyàwó mi mọ iye lọ́bísítà tí mo mú

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Perth ní Ọsirélíà ni mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ lọ́bísítà, ẹ̀dá inú òkun tó dà bí edé ńlá, ni mo bá wá.

Níbí, tẹ́ ẹ bá ti gba láísẹ́ǹsì, ẹ lè ju ìgèrè méjì sókun kẹ́ ẹ sì mú mẹ́jọ lójúmọ́, jíjẹ ni o, ẹ ò gbọdọ̀ tà á, kódà ẹ máa gé díẹ̀ létí ìrù ẹ̀ kí wọ́n lè dá a mọ̀ lọ́jà. Ohun tó wù mí nínú iṣẹ́ àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ yìí ni pé wọ́n ti máa ń mọ bí lọ́bísítà ṣe máa pọ̀ tó ní bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú. Ọmọ lọ́bísítà á kọ́kọ́ wà lójú agbami fún oṣù mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, tó bá fi máa padà wá sétí òkun ó ṣì mọ́ gaara bíi láílọ́ọ̀nù, puerulus ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á wá gbé nǹkan tó dà bí ewéko inú omi síbẹ̀, tí òṣùpá bá ti kún wọ́n á lọ gbọ̀n ọ́n, wọ́n á ka iye tó jábọ́. Ní 2008 sí 2009 ohun tó jábọ́ ò tó nǹkan rárá, kíá ni wọ́n ti dín iye táwọn apẹja tó ń tà lè mú kù, kí àìtó ọ̀hún tó dé sínú ìgèrè.

Àmọ́ àwa tá a ń mú un jẹ ńkọ́? Tàwọn tó ń tà, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, ó wà lákọsílẹ̀. Tiwa, yàtọ̀ sí iye láísẹ́ǹsì, ẹnu wa ni wọ́n gbójú lé. Wọ́n pè mí lọ́dún kan, wọ́n ní mélòó ni mo mú ní Dìsẹ́ńbà, mo ní á tó ogójì. Ìyàwó mi kàn wò mí ni. Òun ló sè é, mẹ́tàlá ni, ọ̀kan tiẹ̀ fò jáde nínú síńkì. Ojú ló ń tì mí láti sọ pé ìgèrè òfìfo ni mo ń fà sókè láti àárọ̀, ẹni tí mi ò rí rí ni mo ń ṣe fọ́ńté fún!

Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣe é níbí, 5 nínú 100 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wa, 95 jẹ́ tàwọn tó ń tà, tá a bá wá ń fi ẹnu mú ohun tí ìgèrè ò mú, wọ́n á ní a ti jẹ kọjá ìpín wa, wọ́n á ní ká dín in kù. Ẹ jọ̀ọ́, iye tẹ́ ẹ mú ni kẹ́ ẹ sọ, òdo náà nọ́ńbà ni. Mo ti ra ìwé kékeré sínú ọkọ̀ báyìí, ìyàwó mi ló ń kọ ọ́.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín ní Perth