Àkànní, fi lápútọ́ọ̀pù yẹn sílé

Àkànní ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi le, ẹsẹ̀ nìkan ló máa ń dùn mí lálẹ́, mo sì ń fi òrí pa á. Ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ padà. Àbúrò ẹ ló ń bá mi tẹ lẹ́tà yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe ń sọ ọ́ ni kó ṣe máa tẹ̀ ẹ́, kó má yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀, torí tí mo bá pè ẹ́ lórí fóònù wàá ní "Màámi, mo wà ní mítíìnì, mò ń pè yín padà", mi ò dẹ̀ ní rí ìpè kankan títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Mo gbọ́ pé ìwọ àti ìyàwó mi fẹ́ lọ lo wíkẹ́ńdì létí adágún Tógò, lápá Agbodrafo níbẹ̀. Inú mi dùn gan-an ni, mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àfi ìgbà tí àbúrò ẹ wá fi ètò tó o kọ sórí WhatsApp hàn mí. Àkànní, irú ètò wo nìyẹn? Fráídè aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò l'Ékòó, ẹ ó fi òru wakọ̀, Sátidé aago mẹ́jọ ẹ ti wọ ọkọ̀ ojú omi, aago mọ́kànlá Togoville, aago méjì Lomé, aago márùn-ún ọjà, tó bá di Sọ́ńdè àárọ̀ ẹ ti ń bọ̀ nílé. Ibo lẹ ti máa sinmi nínú ẹ̀? Àbúrò ẹ tún wá ní o ní wàá mú lápútọ́ọ̀pù dání, pé nǹkan kan wà tó o gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ní Sátidé. Ọ̀rọ̀ lápútọ́ọ̀pù yẹn ni ò jẹ́ kí n sùn lánàá.

Kì í ṣe omi ló ń bà mí lẹ́rù o. Omi yẹn ò jìn, ọ̀pá gígùn làwọn tó ń wa ọkọ̀ níbẹ̀ fi ń ti ọkọ̀ lọ, ọ̀pá yẹn á máa kan ilẹ̀ nísàlẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé wàá gbé ìyàwó mi lọ síwájú omi, wàá fi í síbẹ̀ lóun nìkan, kó máa wo omi, kí ìwọ máa wo kọ̀ǹpútà. Èyí tẹ́ ẹ bá wà nílé tí kò tiẹ̀ retí nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ, ìyẹn sàn díẹ̀.

Kérésì tẹ́ ẹ wá, ṣó o rántí? Ìyàwó mi ló dáná, ó gúnyán, ó gbé e síwájú ẹ, ó bù ẹ́ lẹ́ran tó o fẹ́ràn. O ń jẹun, ọwọ́ òsì ẹ wà lórí fóònù, o jẹ ẹ́ tán, o fọwọ́, o dìde, o ò gbójú sókè. Mo ń wò ó. Ó dúró díẹ̀ kó tó kó abọ́, bí ìgbà tó ń dúró de ẹnì kan. Mo tẹ̀ lé e dé kíṣìnnì, mo ní ṣé kò sí o, ó ní "kò sí nǹkan kan, mà". Obìnrin tó bá sọ pé kò sí nǹkan kan pẹ̀lú ohùn yẹn, nǹkan wà. Mi ò fẹ́ dá sí i nígbà yẹn kó má di pé ìyá ọkọ ń tojú bọ̀ ọ́. Mò ń dá sí i báyìí.

Ọmọ dáadáa ni ẹ́, mo mọ̀. O ò mutí, o ò lọ ilé obìnrin kankan, owó ilé ìwé àwọn ọmọ ò pẹ́ rí. Tọ́rọ̀ bá dé ibi iṣẹ́ ni ojú ẹ kì í ríran.

Ó dáa, gbọ́ bó o ṣe máa tún ètò yẹn ṣe, torí mo mọ ojú ọ̀nà yẹn ju ìwọ lọ, ibẹ̀ ni mo gbà lọ ra áńkárá fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó bí àbúrò ẹ. Gba ààyè Fráídè, gba ti Mọ́ńdè pẹ̀lú. Àárọ̀ Fráídè ni kẹ́ ẹ kúrò, kì í ṣe òru. Láti Àgbádárìgì dé Sẹ̀mẹ̀, àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró pọ̀ lójú títì, ìyẹn nìkan tó kó gbogbo sùúrù èèyàn lọ, ẹni tó ń sáré ni wọ́n dẹ̀ máa ń rí owó gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Kó ìwé ọkọ̀ pé, má gbàgbé ìnṣọ́ránsì Brown Card ti ECOWAS yẹn, kó pásípọ́ọ̀tù àti káàdì yẹ́lò abẹ́rẹ́ àjẹsára yín dání. Sẹ́fà tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ ní Sẹ̀mẹ̀ lẹ máa ná ní Kútọnu, òun náà lẹ máa ná ní Tógò, ọ̀kan náà ni, ṣùgbọ́n kà á lójú ẹni tó ṣẹ́ ẹ fún ẹ kó o tó kúrò níwájú ẹ̀. Ẹ dúró jẹun ní Kútọnu, ẹ má jẹun nínú mọ́tò. Tẹ́ ẹ bá kọjá bọ́dà kejì, ní Hilla-Condji, aago Tógò fi wákàtí kan kẹ́yìn tiwa, tí aago tiyín bá lu mẹ́ta, méjì ló ń lù lọ́dọ̀ tiwọn. Ìyẹn ni pé ẹ jèrè wákàtí kan lọ́fẹ̀ẹ́, má wá fi nǹkan míì sínú ẹ̀ o. Aného lẹ máa kọ́kọ́ kàn, ẹ ò ní pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé Agbodrafo, òkun á wà lọ́wọ́ òsì yín, adágún á wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ ò tíì dé Lomé nígbà yẹn, ẹ má dẹ̀ dé ibẹ̀ rárá. Lomé kúrò nínú ètò. Ọjà Assigamé tó wà ní Lomé náà kúrò níbẹ̀, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Alẹ́ Fráídè, ẹ wẹ̀, ẹ jẹun, ẹ sùn. Àárọ̀ Sátidé, ẹ má ṣètò kankan. Tí ìyàwó mi bá fẹ́ sùn di aago mẹ́wàá, jẹ́ kó sùn, má máa rìn káàkiri yàrá kó lè jí. Tó bá di ọ̀sán, tó bá wù yín, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Togoville ní òdìkejì omi. Ìlú kékeré ni, orúkọ ẹ̀ ni gbogbo orílẹ̀-èdè yẹn ń jẹ́, orúkọ ọba ibẹ̀, Mlapa, ni wọ́n fi bá àwọn Jámánì fọwọ́ síwèé ní 1884 tí ibẹ̀ fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Póòpù John Paul Kejì náà dé ibẹ̀ ní 1985, torí àwọn Kátólíìkì máa ń rin ìrìn àjò wá gbàdúrà sí Màríà níbẹ̀. Ẹ rìn díẹ̀, ẹ padà. Nínú Agbodrafo fúnra ẹ̀, ilé kan wà tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí lábẹ́ pákó ilẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti fòfin de òwò ẹrú, ibẹ̀ ṣókùnkùn, kò ga tó kí èèyàn nàró. Ó yẹ kéèyàn rí i, ṣùgbọ́n ẹ fi di Sọ́ńdè, ó máa ń wúwo lọ́kàn èèyàn, mi ò fẹ́ kó jẹ́ òun lẹ máa gbé sùn lálẹ́ Sátidé.

Ó tán. Ètò náà nìyẹn. Ṣé o rí i pé kò sí lápútọ́ọ̀pù níbẹ̀?

Mo mọ̀ pé wàá ní Màámi ò mọ bí iṣẹ́ ayé ìsìnyí ṣe rí. Ọ̀gá ẹ náà ń lọ sinmi, kí ló dé tí ọ́fíìsì ò wó nígbà tó lọ? Ẹlòmíì á fi nǹkan yẹn ránṣẹ́. Kí o kú sórí iṣẹ́ lónìí, kó tó dọ̀la wọ́n á ti rí ẹni tó máa jókòó sórí àga yẹn, Ọlọ́run ò ní jẹ́.

Àkànní, nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún yín rí, kódà lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá yín mi ò sọ ọ́. Mo sọ fún àbúrò ẹ pé kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ìgbà kan wà tí bàbá yín bá mi dé Agbodrafo níbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí mo máa ń lọ. Ilé àlejò kékeré kan la sùn sí létí omi yẹn gan-an, mo dẹ̀ ṣèlérí pé a ó jọ jókòó síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ kejì, mi ò ní ra ọjà kankan títí a ó fi kúrò. Nígbà tílẹ̀ mọ́, obìnrin kan tá a jọ ń ṣòwò kọjá, ó ní ẹrù tuntun já sí Assigamé. Mo ní "Bàbá Àkànní, mò ń bọ̀ báyìí". Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé. Orí àga tí mo fi í sí náà ni mo ti bá a. Ó ti ra ẹja sísun dè mí, ó fi abọ́ bò ó, ẹja yẹn ti tutù, òróró ẹ̀ ti dì, òun náà ò fọwọ́ kàn án. Ó ní ṣé ọjà dáa? Mo ní ó dáa, mo bá jókòó, mo ń tú áńkárá sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń fi àwọ̀ ẹ̀ hàn án. Ó ń wò ó, ó ń ní "èyí dáa, èyí náà dáa". Kò bínú. Ká ní ó bínú ni, à bá jà, à bá parí ẹ̀, mi ò bá ti gbàgbé.

Nígbà tí àìsàn wá dá a dùbúlẹ̀, ó bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé ṣé a ṣì lè padà lọ sétí omi yẹn. Mo ní tára ẹ̀ bá yá. Ara ò yá.

Èmi ni mo kọ́ ẹ, mo mọ̀. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré, iṣẹ́ lòògùn ìṣẹ́ ni mò ń kọ sí yín létí láàárọ̀ lálẹ́, mi ò fi ọjọ́ kan sọ fún yín pé ẹ jókòó. Ìwọ lo gbọ́ ọ jù nínú yín. Tí mo bá ń bá ẹ jà lórí lápútọ́ọ̀pù yìí, ara mi ni mò ń bá jà, má bínú sí mi.

Owó oṣù yìí tó o máa ń fi ránṣẹ́ ò tíì dé, mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé màá bi ẹ́. Má fi ránṣẹ́ mọ́. Fi san ti alẹ́ Sọ́ńdè ní hòtẹ́ẹ̀lì yẹn. Ìrẹsì wà nílé, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ilé tó wà lẹ́yìn fún mi.

Àbúrò ẹ máa wá gbé àwọn ọmọ ní Tọ́sìdè kí ọkàn ìyá wọn lè balẹ̀. Ẹ kó oògùn ikọ́ èyí ẹ̀gbọ́n sínú báàgì, kẹ́ ẹ dẹ̀ kọ iye tó ń lò sára ìgò. Èyí àbúrò tí kì í jẹ ẹ̀wà yẹn, lọ́dọ̀ mi ó máa ń jẹ ẹ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi.

Tẹ́ ẹ bá ti kọjá Sẹ̀mẹ̀, kí ìyàwó mi pè mí lórí fóònù tiẹ̀. Òun ni o, kì í ṣe ìwọ. Màá bi í pé ṣé lápútọ́ọ̀pù wà nínú ọkọ̀, òun dẹ̀ kì í purọ́ fún mi.

Èmi ni,
Màámi