Wàsíù, ṣọ́ọ̀bù mi ti ní táyà

Houston, Texas

Wàsíù Iná-ò-jó-mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé wàá máa ní kí ló dé tí mi ò fi vóísì ránṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju vóísì lọ ni, mo sì fẹ́ kó o kà á, kó o tún un kà, kó o tó dá mi lóhùn, torí o máa ń yára fèsì jù, ìwọ náà mọ̀.

Kí n tó gbàgbé, ṣé òótọ́ lohun tí Mùrí sọ? Ó ní níbi ìgbéyàwó Sìkírá, Ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ wẹ́dì gba máìkì lójú gbogbo èèyàn, ó ní ẹni tí ò bá gba fúrídọ̀mù lọ́wọ́ òun kó má fi orúkọ òun jẹun níbikíbi. O mọ Mùrí, irọ́ ò wọ́n lẹ́nu ẹ̀, ẹni tó ní òun rí wa ní Ọ̀jọ́ọ̀ lọ́jọ́sí, ṣé a dé Ọ̀jọ́ọ̀? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Ó dáa, ìròyìn rèé: mo ti ra tírélà. Má pariwo, kì í ṣe irú èyí tó ń kó sìmẹ́ńtì gba ọ̀nà Ṣágámù. Kékeré ni, fífẹ̀ ẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 7, gígùn ẹ̀ 14, táyà mẹ́rin, ó lórùlé, ó nílẹ̀kùn lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, píkọ́ọ̀pù mi ló ń fà á. Ẹni tó tà á fún mi, ẹ̀rọ gékoríko ló fi ń kó kiri, inú ẹ̀ ṣì ń rùn pẹtiróòlù títí dòní. Láti ìgbà tí ìjì Beryl ti jà níbí ní July 2024, tí iná lọ nílé tó lé ní mílíọ̀nù 2, tí géètì àti fẹ́ǹsì ń wó kiri, àwọn èèyàn ò jẹ́ n sinmi mọ́. Wọ́n á ní kí n wá bá wọn jó géètì nílé, kí n wá jó irin ìdìmú àtẹ̀gùn fún ilé oúnjẹ kan ní Bissonnet, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tí òjò ń pa ni gbogbo irinṣẹ́ mi wà. Mo ní ó tó, ṣọ́ọ̀bù náà á máa bá mi lọ.

Iṣẹ́ tó wà ńbẹ̀ pọ̀ o! Pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ ẹ̀, ìwọ náà mọ ohun tí iná tó ń ta ń ṣe fún pákó, mo bá fi ṣíìtì irin bò ó láti iwájú dẹ́yìn. Pákó náà ni ara ògiri, torí náà mi ò ní í jó irin nínú ẹ̀ rárá, mo ṣe tábìlì tó ń ká sára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo de fáìsì tó ń di irin mú mọ́ ọn, ìta ni mo ti máa jó, ìta náà ni fáìlìn máṣíìnì tá a fi ń lọ irin ti máa ṣiṣẹ́. Máṣíìnì wẹ́dì fúnra ẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì lára, òun náà ni jẹnẹrétọ̀, ó lé ní 200 kìló. Orí ọrùn tírélà níwájú, níta gbangba, ni mo gbé e lé. Èéfín jẹnẹ́ tó ń pa odindi ìdílé mọ́jú nílé lọ́dọ̀ wa yẹn, kò mọ̀ pé Amẹ́ríkà nibí.

Gáàsì ló wá le jù. Níbí kò sí pé à ń po kábáìdì mọ́ omi nínú dùróòmù, inú síńdà ni asẹ́tílìn ti ń wá, ó sì gbọ́dọ̀ dúró lóòró ni, torí omi asẹtóònù wà nínú ẹ̀, tó o bá dà á dùbúlẹ̀ kó o lò ó, omi yẹn á máa bá gáàsì jáde. Tí gáàsì náà bá ń jò díẹ̀díẹ̀ nínú àpótí tí wọ́n tì pa, kó ṣáà ti tó 2.5 nínú 100 afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ẹni tó bá wá tan iná láàárọ̀ ló máa gbé e fò. Bọ̀dá kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Pasadena ní kí n kàn gbé e sínú, pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́. Mo wò ó, mo rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Sùlè, mo ní rárá. Mo jó kéèjì fún un níta, mo fi ṣéènì dè é, mo tún gé ihò afẹ́fẹ́ sí tírélà lókè àti nísàlẹ̀.

Ìwọ̀n ẹrù náà tún nìyẹn. Tírélà àti gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju 7,000 pọ́n-ùn lọ, bíi tọ́ọ̀nù 3, ọrùn ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbé bíi 10 sí 15 nínú 100 ẹ̀. Tí iwájú bá fúyẹ́, tírélà á máa jùrù lójú títì, tó bá wúwo jù, ìdí píkọ́ọ̀pù á rì. Nígbà tí máṣíìnì àti síńdà ti wà níwájú, gbogbo irin mi ni mo kó sẹ́yìn, mo lọ wọ̀n ọ́n níbi tí àwọn onítírélà ńlá ti ń wọn ẹrù, ó bọ́ sí i! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo tún ra ààrò kékeré fún ẹlẹ́tíródù 7018, ọ̀pá tá a fi ń jó irin, torí ọ̀rinrin ibí ò yàtọ̀ sí ti Èkó. Rántí ìgbà tá à ń yá tiwa lórí ààrò alákàrà, tí Ìyá Sìkírá ń lé wa kiri.

Fárídà ti wọ yunifásítì, owó ilé ti lọ sókè, ẹ̀yìn ń dun ìyàwó mi, ó kí ẹ.

Mo tún ń ro ọ̀rọ̀ Ọ̀gá yẹn. Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́? Tó bá fọwọ́ lé ikùn, àwàdà ni. Tó bá ń mi ẹsẹ̀, a ti wọ gàù. Ṣé èmi ni mo ní kí físà lọ́tìrì jáde nígbà tó kù díẹ̀ kí n parí ni? Ọ̀gá kan náà ló fún mi lówó ọkọ̀ dé Èkó.

Ohun tí mo wá fẹ́ bẹ̀ ẹ́ rèé, má bínú pé ó pẹ́ kó tó jáde. Ẹ̀gbẹ́ tírélà ṣì ṣófo. Ìyàwó mi ní ká kọ orúkọ òyìnbó sí i, èmi ò fẹ́. Orúkọ tó wà lára páànù iwájú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá ni mo fẹ́ kọ. Bá mi lọ bá a, bá mi dọ̀bálẹ̀ fún un, lọ lẹ́yìn Jímọ̀ tí inú ẹ̀ máa ń dùn, rí i pé Ìyá Sìkírá wà nílé. Sọ pé mo fẹ́ gba fúrídọ̀mù mi, kí wọ́n ṣírò oṣù tó kù lọ́rùn mi, mo máa san án. Wọ́n lè fi fídíò pè mí lọ́jọ́ náà kí wọ́n wúre fún mi. Obì, mọ́ọ̀tì, àgbò, gbogbo ẹ̀ tèmi ni. Tó bá ní rárá, jọ̀ọ́, má sọ fún Mùrí.

Àmọ́ yára, ẹni tó máa kun ọ̀dà ń bọ̀ lópin oṣù. Owó àgbò ti wọ àkáńtì ẹ, Wàsíù, àgbò ni mo wí o, mo máa ní kí wọ́n fi fídíò hàn mí.

Tájù