Ẹ kọ iye rẹ̀ síbẹ̀: lẹ́tà sí Olóòtú

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Mo ka ojú ìwé tí ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ máa ṣòwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹ ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí ọjà òun tà yára sanwó fún Facebook àti Instagram kí wọ́n bá a gbé e káàkiri. N kò ní ẹ parọ́. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, àwọn àgbà ti sọ ọ́ kí wọ́n tó bí ẹni tó dá Facebook sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó ṣíwájú lẹ fi sẹ́yìn, ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé nìyẹn.

Àdín àgbọn ni mò ń tà, ní Ajárá, Àgbádárìgì níbí. Ìyá mi tà á kí n tó máa tà á, orí àtẹ ní ọjà Agbálátà ni tiwọn. Èmi náà jókòó síbẹ̀ dáadáa kí n tó gbé ọjà bọ́ sórí WhatsApp. Ní báyìí, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń sè, Èkó ló ń lọ: Festac, Sùúrùlérè, Ìkẹjà, lọ́dọ̀ àwọn tí n kò fojú rí rí.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ra àdín lọ́jà. Obìnrin á dúró, á gbé ìgò sókè sí oòrùn, á wò ó bóyá ó mọ́ tàbí ó ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Á ṣí ìdérí, á gbóòórùn rẹ̀. Á kán díẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́, á fi pa ara. Á bi mí pé ìgbà wo ni mo sè é. Á ní èló ni, á ná an, á ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ, á padà. Bó bá wá tẹ́ ẹ lọ́rùn tán, á ní kí n fi ènì sí i. Oníbàárà orí fóònù kò lè ṣe ọ̀kankan nínú gbogbo èyí. Kò gbóòórùn, kò fọwọ́ kàn án, kò mọ ilé mi, ó sì ti gbọ́ ìtàn àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì. Iṣẹ́ ẹni tó ń tajà lórí fóònù, lójú tèmi, ni pé kó dáhùn gbogbo ohun tí obìnrin yẹn ìbá fi ojú, imú àti ẹnu ara rẹ̀ wádìí, kó sì dáhùn kí wọ́n tó béèrè. Ẹni tí kò tíì ṣe èyí tó wá ń sanwó ìpolówó, èrò ìwòran ló ń fowó pè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti iye owó, nítorí òun ló ń dùn mí jù. Ẹ ṣí Instagram nísinsìnyí, ẹ ó rí aṣọ tó rẹwà, bàtà tó ń dán. Ẹnì kan á kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, èló ni?" Olọ́jà á fèsì pé, "Ẹ wá sí ínbọ́ọ̀sì," ìyẹn ni pé kó wá béèrè ní kọ̀rọ̀. Ẹlòmíì á tún béèrè, èsì kan náà. Mo ti bi àwọn ọmọ tó ń ṣe é ládùúgbò wa. Wọ́n ní, "Màmá, bí a bá kọ iye sí i, àwọn tá a jọ ń tajà á rí i, wọ́n á sì tà á ní pọ́ọ́kú jù wá lọ." Mo ní ẹni tẹ́ ẹ jọ ń tajà tó fẹ́ mọ iye yín, ṣé kò lè wá sí ínbọ́ọ̀sì kó ṣe bí oníbàárà ni? Ẹni tí ẹ ń fi pamọ́ fún gan-an ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò ní í mọ̀ ọ́n ni ìyàwó ilé tó wà nínú ọkọ̀ lọ́nà Máìlì Tú, tí dátà rẹ̀ ń tán lọ, tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì ráyè ẹjọ́ wẹ́wẹ́. Ìyẹn ti kọjá lọ bá ẹlòmíì.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń wo ojú ẹni díye lé ọjà. Wọ́n á wo àwòrán rẹ lórí WhatsApp, bó o bá dúró ti mọ́tò, owó ti gun òkè. Àwọn obìnrin ń bára wọn sọ̀rọ̀ o. Ọjọ́ tí ẹni tó rà á ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ bá pàdé ẹni tó rà á ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà níbi ìnáwó, olọ́jà náà ti pàdánù àwọn méjèèjì, kò sì ní í mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Òfin pàápàá wà ńbẹ̀. Òfin àpapọ̀ ti ọdún 2018, èyí tó gbé àjọ FCCPC dìde láti máa gbèjà oníbàárà, sọ pé ẹni tó bá pàtẹ ọjà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí iye rẹ̀ hàn.

Bí èmi ṣe ń kọ tèmi rèé, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan: "Àdín àgbọn tí a fi iná sè, a kò fi nǹkan kan sí i. Lítà kan, ₦9,000. Ìdajì lítà, ₦4,800. Ọjọ́ Ajé yìí la sè é. À ń fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Owó ọkọ̀ dé Máìlì Tú, ₦1,500, ìgò kan títí dé ìgò mẹ́fà." Àwòrán méjì ló máa ń tẹ̀ lé e: ọ̀kan tí mo gbé ìgò sí ojú oòrùn, ọ̀kan tí mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo mílíìkì, kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹni tó bá ti ka èyí tán tó wá kọ̀wé sí mi, kò wá béèrè èló ni mọ́. Nọ́ńbà àkáǹtì ló ń béèrè.

Ẹ ṣàkíyèsí owó ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Láti Àgbádárìgì, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọjà ń kú sí. Oníbàárà ti gbà pé òun á rà, inú rẹ̀ ti dùn, ìgbà náà ni olọ́jà á ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé owó ọkọ̀ ṣì kù. Gbogbo ìdùnnú á bàjẹ́, á dà bíi pé wọ́n fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Tó bá jẹ́ pé ó ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń wá ọgbọ́n sí i fúnra rẹ̀. Àwọn kan ní Festac máa ń kó ara wọn jọ, ẹnì kan á gba ti gbogbo wọn, wọ́n á pín owó ọkọ̀. Èmi kọ́ ni mo kọ́ wọn. Iye tí wọ́n rí ló kọ́ wọn pé ìgò kan àti ìgò mẹ́fà, owó kan náà ni.

Àdín sì máa ń jò, ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ìyẹn. Mo máa ń fi téèpù yí ìdérí, màá fi náílọ́ọ̀nù wé ìgò kọ̀ọ̀kan, màá tò wọ́n lóòró sínú páálí, màá kọ "Ẹ má dojú rẹ̀ délẹ̀" sí i lára gàdàgbà. Kí n tó gbé e fún awakọ̀, màá ya àwòrán páálí náà, màá fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín pẹ̀lú nọ́ńbà awakọ̀. Ọ̀pọ̀ ń gbé àwòrán yẹn sórí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp tiwọn kí ọjà tilẹ̀ tó dé. N kò san kọ́bọ̀ fún ìpolówó yẹn.

Ti ọyẹ́ ló tún kàn. Àdín àgbọn gidi a máa dì. Bí òtútù bá ti mú kó wálẹ̀ sí nǹkan bí ìwọ̀n 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á bẹ̀rẹ̀ sí í dì nìyẹn, á funfun báláú. Ará Àgbádárìgì mọ èyí láti kékeré. Ẹni tó ń gbé inú ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù kì í kú níbẹ̀ lè má mọ̀ ọ́n. Á jí láàárọ̀, á rí ohun funfun nínú ìgò, á ní mo ti fi ọ̀rá tàbí òrí lú u. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀ ló máa pè ọ́ láti sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ló kàn máa dákẹ́ lọ, wọ́n á sì kìlọ̀ fún àbúrò wọn.

Nítorí náà, kí ọyẹ́ tó dé ni mo ti máa ń ya fídíò. Ìgò tó ti dì ni mo máa ń gbé sínú abọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ ó rí i tó ń yọ́ láti ẹ̀gbẹ́ ìgò, èyí tó wà láàárín á ṣì dì, á máa kéré sí i, títí gbogbo rẹ̀ á fi mọ́ gaara. N kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀, ohùn àkùkọ adìyẹ ilé kejì wa tilẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ. Sítétọ́ọ̀sì WhatsApp kì í kọjá wákàtí mẹ́rìnlélógún tó fi ń pòórá, torí náà mò ń tún un gbé síbẹ̀ léraléra títí ọyẹ́ fi máa lọ. Ohun tí wọn ì bá tìtorí rẹ̀ fẹ̀sùn kàn mí ti di ohun tí wọ́n fi ń dá àdín gidi mọ̀. Kò sí ọjà tí kò ní irú ìbéèrè yìí tirẹ̀. Ẹni tó ń ta àdìrẹ, ṣé ó máa ń ṣí? Ẹni tó ń ta ẹja gbígbẹ l'Ẹ̀pẹ́, ṣé ó gbẹ dénú? Ẹni tó ń ta gàrí Ìjẹ̀bú, ṣé ó kan, ṣé kò ní iyanrìn? Kí ó bu omi tútù sí i lójú oníbàárà, kó ya fídíò rẹ̀.

Àṣejù kan wà tí mo fẹ́ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wí lé lórí. Wọ́n á kọ ọ́ pé àdín àgbọn ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, kò fẹ́ kí a máa polówó oúnjẹ bí oògùn, ẹni tó bá sì tìtorí ọ̀rọ̀ wa da oògùn dókítà nù, ọrùn ta ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa wà? Ó dára fún irun, ó dára fún ìrẹsì, ó dùn. Ìyẹn náà tó tà.

Ẹni tó ti rà lẹ́ẹ̀kan ni mo máa ń náwó àti àkókò lé lórí jù. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ orúkọ sí, ọjọ́ tó rà á, ìgò mélòó. Bí mo bá ti wò ó pé yóò ti máa lọ sópin, màá kọ̀wé sí i: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àdín ọjọ́sí ṣì kù? A ó sè tuntun lọ́jọ́ Ajé." Kò ju ìyẹn lọ. Bí wọ́n bá ní ó ṣì kù, màá kí wọn, màá lọ. Nínú gbogbo páálí ni mo máa ń fi baba dúdú méjì sí, ènì nìyẹn. Àwọn ọmọ ilé ló máa ń rán ìyá wọn létí pé àdín ti tán.

WhatsApp Business tí mò ń lò, ọ̀fẹ́ ni. Ó ní ibi tí èèyàn lè to ọjà sí pẹ̀lú iye rẹ̀, ó ní àmì tí mo fi ń ya ẹni tó ti sanwó sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò tíì san. Èèyàn lè fi iṣẹ́ kan náà jẹ́ ẹni 256 lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà rẹ pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ nìkan ló máa rí i gbà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, wọ́n á ní ọjà kò yá, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan bá ti kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ mi, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó fi nọ́ńbà mi pamọ́. N kì í fipá kó èèyàn sínú ẹgbẹ́ WhatsApp. Ẹni tó bá fipá kó èmi náà sí i, n kì í pẹ́ jáde. Bí oníbàárà bá sì yìn mí, mo máa ń tọrọ àyè kí n tó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ síta, màá pa orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìsọ̀, ẹ fi í sórí máàpù Google, wọn kì í gbowó. Àwọn àlejò tó ń wá wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti ọdún 1845, ní Màrínà Àgbádárìgì níbí máa ń fẹ́ mú nǹkan lọ sílé.

Ó wá ku owó ìpolówó tí ẹ kọ nípa rẹ̀. Ká ní èrè mi lórí lítà kan jẹ́ ₦1,500, tí mo wá san ₦10,000 fún Facebook. Mo gbọ́dọ̀ ta ìgò méje nípasẹ̀ rẹ̀ kí owó yẹn tó padà, kí n tó máa sọ̀rọ̀ èrè. Ẹni tó bá fẹ́ sanwó, kó ṣe ìṣirò yìí ná, kó sì yan ibi tí ìpolówó máa dé. Facebook gbà kí èèyàn yan àdúgbò. Èmi a máa yan Ọ̀jọ́, Àmùwó àti Festac, torí pé ojú ọ̀nà tí awakọ̀ mi ń gbà nìyẹn. Kí ni màá fi oníbàárà ní Máídúgùri ṣe? Àwọn tó ń fowó ra ọmọlẹ́yìn orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, n kò bá wọn ní ọ̀rọ̀ kankan.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní, Olóòtú. Ẹ rán ọ̀kan nínú àwọn akọ̀ròyìn yín lọ sí NAFDAC, kó bá wa béèrè ìgbésẹ̀ tí alásè kékeré bíi tèmi yóò gbà kó tó gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wọn, ìwé tí wọ́n ń béèrè, iye tí wọ́n ń gbà àti ìgbà tó ń gbà wọ́n. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá tó já gaara. Àwa tó ń fẹ́ ẹ níbí, a pọ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Alágbọn,
Ajárá, Àgbádárìgì.