Kí o tó fọwọ́ sí ìdájọ́ kọ́nà

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àárò rẹ ń sọ mí gan-an. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé wọ́n ti pè ọ́ sí tábìlì àwọn adájọ́ eré ìje ọkọ̀. Àlàáfíà la wà níbí, ọmọ ti ń rìn, ẹ̀yìn ìyá náà ti sàn. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi ni kí n sọ.

Gbólóhùn kan nínú lẹ́tà rẹ bà mí lẹ́rù: pé ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá run, òun ni wọ́n ṣẹ̀. Rárá o! Rántí ìdíje Formula 1 ti Silverstone, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2021, níbi tí ọkọ̀ Verstappen àti ti Hamilton ti kọlu ara wọn, èyí tí a ti jà lé lórí tó. Verstappen lọ forí sọ ògiri táyà, agbára ìkọlù náà tó 51G (ìlọ́po 51 agbára òòfà ilẹ̀), wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ògiri kọ́ ni àwọn adájọ́ kọ. Wọ́n ní Hamilton wà ní apá inú kọ́nà, ó rẹ̀yìn díẹ̀, kò sì wọlé dé apex (ibi tó wọ inú jù lọ ní kọ́nà), bẹ́ẹ̀ ààyè ṣì wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Nígbà tí Verstappen yí wọ kọ́nà, táyà iwájú òsì Hamilton kan táyà ẹ̀yìn ọ̀tún Verstappen. Ẹ̀bi Hamilton ló pọ̀ jù, wọ́n fi ìṣẹ́jú-àáyá 10 jẹ ẹ́ níyà. Ó ṣì gba ipò kìn-ín-ní lọ́jọ́ náà. Ó dùn ọ́, mo mọ̀, àmọ́ ìwà ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́.

“Pọ̀ jù” yẹn ni kí o dì mú. Bí ẹ̀bi kò bá pọ̀ jù lọ́dọ̀ ẹnì kankan, ìṣẹ̀lẹ̀ eré ni, má fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ní ìyípo àkọ́kọ́, tí ọkọ̀ pọ̀ mọ́ra wọn, kí ọwọ́ rẹ tún rọ̀ sí i.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni pé orí ìkọlù gan-an ni wọ́n ń dá àwòrán dúró sí. Ọ̀rọ̀ ti tán nígbà yẹn. Dá a dúró ní apex, kí o wo táyà iwájú. Nínú ìlànà 2025 ti FIA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìje ọkọ̀ lágbàáyé, ẹni tó ń gba inú kọjá gbọ́dọ̀ ti gbé táyà iwájú rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ dígí ìwoyìn ọkọ̀ ẹnì kejì kí wọ́n tó dé apex, kó sì ṣì wà níbẹ̀ ní apex. Ẹni tó ń gba ìta, táyà iwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣíwájú ti ẹnì kejì ní apex. Dídé dígí nìkan kò tó fún un o. Ṣé táyà há, tó ń rú èéfín? Fi àkọsílẹ̀ bíréèkì rẹ̀ wé ti ìyípo mẹ́ta tó ṣáájú: bó bá tẹ bíréèkì pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ńṣe ló já wọlé. Ṣé ì bá lè parí kọ́nà náà láìjáde kúrò lójú ọ̀nà, ká ní ẹnì kejì kò sí níbẹ̀?

Má gba kámẹ́rà tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán gbọ́. Bó ṣe ń fa ọkọ̀ mọ́ra, ẹni tó wà lẹ́yìn á dà bíi pé ó ti dọ́gba pẹ̀lú ẹni iwájú. Ti inú ọkọ̀ méjèèjì àti ti òkè ni kí o wò.

Ní Monza, ní Ítálì, lọ́dún 2021 yẹn kan náà, ọkọ̀ Verstappen gun orí ti Hamilton. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù kó tó dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi ipò mẹ́ta fà á sẹ́yìn níbi ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje tó tẹ̀ lé e.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ gan-an nìyí, má bínú. Mo gbọ́ pé àbúrò rẹ wà lára àwọn awakọ̀ ọjọ́ náà. Bí ẹjọ́ kọ́nà bá kàn án, jọ̀wọ́, sọ fún àwọn yòókù kí wọ́n tó tan fídíò, kí o sì dìde kúrò nídìí tábìlì. Kọ̀wé sí mi kí ọjọ́ náà tó pé, kí n mọ̀ pé o gbọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.