Ẹ̀sùn: bíárìn tí mo wọ̀n ránṣẹ́ sí yín kọ́ lẹ gbé fún mi

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni kọ́sítọ́mà yín láti Súrùlérè tó ra bíárìn púlì fáànù bẹ́líìtì. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá pátápátá ni kó ka èyí, torí àwọn tó ń dá mi lóhùn lórí WhatsApp ò gbọ́ nǹkan tí mò ń sọ rárá.

Nọ́ńbà ara bíárìn àtijọ́ yẹn ti pa rẹ́, "62" nìkan ló kù tójú ṣì rí, ẹ́ńjìnnì inú mọ́tò ọ̀hún náà kì í ṣe èyí tó bá a wá, tòkunbọ̀ tí wọ́n pààrọ̀ sí i ni, ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má fi orúkọ mọ́tò wá a fún mi nìyẹn. Mẹkáníìkì mi fi káálípà wọ̀n ọ́n: ihò àárín ẹ̀ 17mm, etí dé etí 40mm, ó nípọn 12mm, rọ́bà ló bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹni tó ń ta bíárìn ti mọ̀ pé 6203 2RS nìyẹn. Mo ya gbogbo ẹ̀ ní fọ́tò, mo tún kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Kí lẹ wá gbé fún dìsípáàṣì? 6303! Etí dé etí tiẹ̀ 47mm, ó nípọn 14mm, báwo ló ṣe fẹ́ wọnú púlì tí àyè ẹ̀ jẹ́ 40? Mo pè yín, ọmọ yín ní ihò 17 ni mo béèrè, ihò 17 náà sì ni wọ́n fún mi. Ọ̀gá, 6003, 6203, 6303, ihò 17 ni gbogbo wọn, ṣé ọ̀kan náà wá ni wọ́n jẹ́?

Èyí tó wá bí mi nínú jù, ó ní kí n gbé púlì lọ bá tọ́nà kó gbẹ́ inú ẹ̀ fẹ̀. Háà! Bẹ́líìtì yẹn ló ń yí alternator, òun náà ló ń yí wọ́tà pọ́ǹpù, tí púlì tí wọ́n ti gbẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá fọ́ lórí Third Mainland Bridge, tí bẹ́líìtì já, tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ta ló máa wá gbé mi níbẹ̀? Ẹ má sọ irú ẹ̀ fún kọ́sítọ́mà mọ́, ẹ̀mí èèyàn ni.

Wọ́n tún ní ẹ kì í gba ọjà tí wọ́n bá ti já ọ̀rá ẹ̀ padà. Mi ò gbà. Mo ti sọ nǹkan tí mo fẹ́ fi ṣe kẹ́ ẹ tó gbowó, òfin FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà kọ́sítọ́mà, ti 2018 sì gbà mí láyè láti dá ọjà tí kò bá iṣẹ́ ẹ̀ mu padà kí n gbowó mi.

Mọ́tò ṣì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Mushin, mọ́tò yẹn sì ni mo fi ń jẹun. Ẹ fi 6203 2RS ránṣẹ́, tí ti C3, ìyẹn èyí tí àyè inú ẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ti lásán lọ, bá wà kó jẹ́ òun torí ooru ẹ́ńjìnnì, kí dìsípáàṣì yín gba 6303 yín lọ, owó dìsípáàṣì ọ̀hún tiyín ni. Tí ẹ ò bá ní in, ẹ dá gbogbo owó mi padà sí àkáǹtì tí mo fi san án. Risíìtì àti fọ́tò wà nísàlẹ̀.