Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì nípa kíkó àwọn repo wa lọ sí ibòmíràn

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù, mo sì kí baálé rẹ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà ní Ìbàdàn níbí. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì fara balẹ̀ kà á. O ní owó tí ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa tọ́jú kóòdù ń gbà lóṣooṣù ti ga ju agbára wa lọ, pé o fẹ́ kó gbogbo iṣẹ́ wa lọ sórí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú iṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn) tí o tò sí ilé rẹ ní Leeds, o sì ń béèrè bóyá tí o bá ti fi `git clone`, àṣẹ tó ń ṣe ẹ̀dà, kó repo (àpótí kóòdù pẹ̀lú ìtàn rẹ̀) kọ̀ọ̀kan tán, o lè ti àkáǹtì náà pa lọ́jọ́ náà gan-an. Jọ̀wọ́, má tíì tì í pa.

Kì í ṣe pé ohun tí o gbà gbọ́ nípa Git, ètò tó ń tọ́jú kóòdù àti ìtàn àyípadà rẹ̀, pé ẹ̀dà ọwọ́ ẹni lè dá dúró, kò tọ̀nà. Nígbà tí Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Git ní oṣù kẹrin ọdún 2005, nítorí pé àwọn tó ni BitKeeper, ètò ìtọ́jú kóòdù tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ti fagi lé àǹfààní ọ̀fẹ́ tí àwọn tó ń kọ Linux ń jẹ, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ẹ̀dà ọwọ́ oníkálukú lè dá dúró. Láyé CVS àti Subversion, àwọn ètò tó ṣáájú Git, orí sáfà kan ṣoṣo ni ìtàn iṣẹ́ máa ń wà. Ohun tí òṣìṣẹ́ ń gbé sọ́dọ̀ kò ju fáìlì bí wọ́n ṣe rí lọ́jọ́ náà lọ, tí sáfà bá sì bàjẹ́ láìní ẹ̀dà, ìtàn bá a lọ nìyẹn. Ní ti Git, gbogbo commit (àyípadà kọ̀ọ̀kan tí a fi pamọ́) láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń bá clone wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pẹ̀lú àmì tirẹ̀, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà 40 tí a ṣírò láti inú ohun tó wà nínú commit náà àti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí àwọn jàǹdùkú wọ inú sáfà kernel.org, ibi tí wọ́n ń tọ́jú kóòdù Linux, ní ọdún 2011, ohun tó fi àwọn ènìyàn lọ́kàn balẹ̀ nìyẹn: ẹ̀dà Linux ti wà lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, kò sì sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè yí ìlà kan padà nínú ìtàn rẹ̀ kí àmì má yàtọ̀.

Àmọ́ òṣìṣẹ́ tó fẹ́ jókòó ṣiṣẹ́ ni wọ́n ṣe clone lásán fún, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ kó kúrò nílé. Lóòótọ́, ó máa ń kó commit gbogbo branch (ẹ̀ka iṣẹ́) wá, ṣùgbọ́n ẹyọ branch kan ló ń sọ di tìrẹ, èyí tí sáfà yàn ṣe olórí. Àwọn yòókù wà lábẹ́ orúkọ `origin/`, tó ń tọ́ka sí sáfà tí o ti kó wọn. Tí o bá wá ti inú fódà bẹ́ẹ̀ ṣe `git push` lọ sórí sáfà tuntun, branch kan yẹn nìkan ni yóò débẹ̀, tag (orúkọ tí a fi sàmì sí commit kan) kò sì ní bá a lọ àyàfi tí o bá sọ pé kó lọ. Branch tí a fi ń ṣe àtẹ ìtẹ̀wé onífóònù, tí kò sí ẹni tó tíì fọwọ́ kàn án láti ìgbà iléyá, yóò sọnù, a kò sì ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀.

Nítorí náà, `git clone --mirror` ni kí o lò, kí o fi àdírẹ́sì repo tẹ̀lé e. Tí o bá ṣí fódà tó bá ṣe, tí o kò rí fáìlì kóòdù kankan níbẹ̀, má ṣe jẹ́ kí àyà rẹ já. `HEAD`, `config`, `objects`, `refs` àti àwọn bíi tiwọn, tí wọ́n máa ń fara pamọ́ sínú `.git`, ni yóò wà níta gbangba, nítorí pé irú ẹ̀dà yìí kì í ṣe èyí tí a ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ inú fódà yẹn, kí o ṣe `git push --mirror` sí àdírẹ́sì sáfà rẹ. Ohun tí o ń fi ránṣẹ́ sí gbọ́dọ̀ ṣófo o. Àṣẹ yìí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni: branch tó bá bá níbẹ̀ tí kò sí ní ọ̀dọ̀ tìrẹ, yóò pa á rẹ́ ni.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù ni àwọn ohùn tí a gbà sílẹ̀. Ṣé o rántí pé a fi Git LFS, àfikún Git fún fáìlì ńláńlá, tọ́jú wọn nítorí bí wọ́n ṣe tóbi tó? `clone --mirror` kì í kó wọn. Mú fáìlì kan lára wọn nínú ẹ̀dà tí o ti kó, wo ohun tó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú `git show`, ìlà mẹ́ta péré ni o máa rí: èkíní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `version`, èkejì pẹ̀lú `oid sha256` àti àmì gígùn kan, ẹ̀kẹta sì sọ iye báìtì tí fáìlì gidi náà jẹ́. Ìwé pélébé tí wọ́n ń já fún ènìyàn nídìí ẹrù ní gáréèjì ni ìlà mẹ́ta yẹn. Ẹrù gan-an ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Nínú fódà mirror náà, ṣe `git lfs fetch --all`, kí o dúró kó parí, lẹ́yìn náà kí o wá ṣe `git lfs push --all` sí sáfà tuntun. Sáfà náà sì gbọ́dọ̀ lè gba LFS, nítorí Git pẹ̀lú SSH lásán kò tó. Èmi yóò yan Forgejo tàbí Gitea, àwọn ètò tí a ń gbé sórí sáfà ẹni láti tọ́jú repo, àwọn méjèèjì ń gbà á, wọn kì í sì í jẹ agbára kọ̀ǹpútà púpọ̀.

Àǹfààní mìíràn tún wà nínú lílo ọ̀kan nínú wọn. Àwọn issue wa (àkọsílẹ̀ ìṣòro àti àbá), àti àríyànjiyàn gígùn tí a ṣe lórí bí àmì ohùn yóò ṣe máa jókòó sórí ẹ àti ọ, kò sí nínú Git rárá. Inú dátábéèsì ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n wà, clone kò sì lè kàn wọ́n. Ètò ìkówọlé tó wà nínú Gitea àti Forgejo lè lọ bá ọ kó wọn wá láti orí àwọn ibi ìtọ́jú kóòdù bíi GitHub tàbí GitLab, ṣùgbọ́n nígbà tí àkáǹtì bá ṣì wà ní ṣíṣí nìkan ni. Lójú tèmi, àríyànjiyàn wọ̀nyẹn níye lórí ju ìdajì kóòdù wa lọ, torí a lè tún kóòdù kọ, ta ni yóò tún rántí ìdí tí a fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Wiki náà (àwọn ojú ìwé àlàyé wa), repo ọ̀tọ̀ ni, àdírẹ́sì rẹ̀ máa ń parí pẹ̀lú `.wiki.git`, kó o lọ́tọ̀.

O tún sọ pé tí mirror (ẹ̀dà tó ń tẹ̀lé ojúlówó nínú ohun gbogbo) bá ti ń lọ láti orí sáfà rẹ sí tèmi lójoojúmọ́, kò tún sí ohun tó lè ba iṣẹ́ wa jẹ́. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, sáfà tí àwọn ará KDE, ẹgbẹ́ kan tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́, ń kó repo wọn sí, tí ó tó nǹkan bí 1,500, bàjẹ́ láti abẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n tún un tàn. Àwọn sáfà mìíràn tó ń ṣe mirror rẹ̀ wà káàkiri, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé ọ̀gá wọn láìbéèrè ìdí, wọ́n bá a kó ìbàjẹ́ náà, wọ́n sì pa àwọn repo tí wọ́n rò pé ọ̀gá ti pa rẹ́. Ẹyọ sáfà kan tí ẹ̀dà orí rẹ̀ ṣì pé ló kó wọn yọ. Mirror tó ń tẹ̀lé ohun gbogbo yóò tẹ̀lé àṣìṣe pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a máa ṣe bundle (repo tí a dì sínú fáìlì kan) lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a kọ déètì sí i lórí, kí a sì gbé e sí ibi tí mirror kò lè dé, lẹ́yìn tí `git fsck`, àṣẹ tó ń yẹ repo wò, bá ti sọ pé ara repo le.

Bundle yìí kan náà ni yóò gbà mí lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbí. Ìwọ ti gbàgbé bó ṣe ń rí: clone máa dé ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, iná á lọ, ráútà á kú, Git kì í sì í bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, dátà sì ti lọ. Ṣe `git bundle create gbogbo.bundle --all` lọ́dọ̀ rẹ, kí o gbé fáìlì náà sí ibi tí mo ti lè fi `wget -c` fà á. Fáìlì kan ṣoṣo ni, bí ó bá já ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, yóò máa bá a lọ níbi tó kù sí, tó bá sì dé tán, n ó fi clone tú u bí ẹni tú repo lórí sáfà. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ń lo `--depth 1` kí dátà wọn má baà tán, ìyẹn dára fún ẹni tó fẹ́ ka kóòdù, ṣùgbọ́n commit tó kẹ́yìn nìkan ló ń kó. Má ṣe lo irú ẹ̀ fún ìkópamọ́.

Tí o bá ti ṣe gbogbo èyí, ṣe `git ls-remote --heads --tags` sí àdírẹ́sì àtijọ́, kí o ṣe é sí ti tuntun, kí o kó èsì méjèèjì sínú fáìlì, kí o sì fi `diff` wò wọ́n. Tí `diff` kò bá sọ̀rọ̀, ó pé. Tí ó bá sọ ohunkóhun, fi ránṣẹ́ sí mi bó ṣe rí kí o tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Kí ìkánjú má baà wọ̀ ọ́, èmi ni yóò san owó oṣù tó ń bọ̀ fún ilé-iṣẹ́ náà. Ìwọ ṣáà fi ìwé owó náà ránṣẹ́ kó tó di ìparí oṣù.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Màmá Ṣadé