Ìkéde Pàtàkì fún Gbogbo Ọmọ Ẹgbẹ́ Wa ní Kàdúná

Ẹ̀yin ará wa, nítorí ìjà tó ṣẹlẹ̀ lórí àdúrà ní ìpàdé tó kọjá, tí ẹnì kan sì tìtorí ẹ̀sìn ẹni tó se ìrẹsì gbé àwo tirẹ̀ padà (ó dùn mí gan-an), ìgbìmọ̀ ti pinnu pé Mùsùlùmí àti Kristẹni yóò máa pín àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, a ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù. Àwa tí a wà níhìn-ín lọ́dún 2000, nígbà tí Mùsùlùmí àti Kristẹni bá ara wọn jà ní Kàdúná, mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bí. Ní ìlú yìí kan náà ni Pásítọ̀ James Wuye, tó pàdánù ọwọ́ kan nínú rògbòdìyàn ẹ̀sìn, àti Ìmáàmù Muhammad Ashafa, tí wọ́n pa olùkọ́ rẹ̀, ti jọ ń ṣiṣẹ́ àlàáfíà. Ẹni tí ìpinnu yìí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kí ó wá rí akọ̀wé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.